Ohun Tí Mo Fi Sílẹ̀ Lórí Pátákó

Sátidé, ọjọ́ kẹfà, oṣù keje

Wọ́n tún gbé mi kọ́ ara ògiri lónìí. Màmá, ìyá ọkọ mi, fi ọwọ́ ara rẹ̀ to ayò ṣẹ́ẹ̀sì tí mo pàdánù sínú àwọn àpò pátákó ńlá tó wà lára ògiri, ó sì ní kí n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ wa ni: ẹni tí àṣìṣe rẹ̀ burú jù lọ́sẹ̀ ni yóò dúró síbẹ̀ títí ẹnì kan yóò fi rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́. Màmá ló ṣe òfin náà nígbà tó ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, kò sì tíì yí i padà láti ìgbà tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ẹ wo ẹṣin yìí," ló wí, ó fi ọ̀pá kàn án. "Ìyàwó wa ló gbé e síbẹ̀. Kí lẹ rò pé ó ń rò?"

Ọlọ́pàá, ọ̀kan nínú wa tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí, ní bóyá ọbẹ̀ ilé ló ń rò. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Eyín òkè àtọwọ́dá tí Ọlọ́pàá fi ń rẹ́rìn-ín, èmi ni mo ṣe é fún un lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, mo sì ṣe é dáadáa. Ìyẹn ló ń dùn mí jù.

Kékeré ló rí ọ̀nà náà. Ó ti nawọ́ sókè kí Apòògùn tó ń ta oògùn ní ìkóríta tó pa awò ojú rẹ̀ dà. "Ṣọ́jà dúdú máa sún síwájú, á kojú ẹṣin àti ilé ìṣọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan ṣoṣo ni Mọ́mì lè gbé sá." Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ọmọ mi ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Èmi náà ì bá pàtẹ́wọ́, àmọ́ ibi ìyà ni mo dúró sí.

Òjò rọ̀ lé wa lórí títí a fi délé.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹwàá

Màmá wá láìsọ tẹ́lẹ̀. Ó jókòó sí yàrá iwájú níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́, láàárín àwọn eyín tí mo tò kalẹ̀ kí wọ́n gbẹ, ó fi ẹsẹ̀ ti páànù ìda mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé ilẹ̀ ti ṣú: bí iléèwé bá wọlé, ọ̀dọ̀ òun ni Kékeré yóò máa gbé.

"Ọmọ yìí ní ojú," ló wí. "Ẹ ò mọ ohun tí ẹ bí. Kí ló ń rí kọ́ níbí? Òórùn ike jíjó ló ń fà símú láti àárọ̀ dalẹ́."

Ọkọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ìdí ọkọ̀ epo tó ń wà dé, ń wo bàtà ara rẹ̀. Ó ní, "Màmá ti rò ó dáadáa." Mo bi í bóyá ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní àwọn ti sọ ọ́ lórí fóònù. Wọ́n ti sọ ọ́ lórí fóònù! Ọmọ tí mo fi inú mi gbé.

N kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ já bọ́ lẹ́nu mi. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká fi ayò yanjú ẹ̀." Mo ní ká ta ẹyọ kan ṣoṣo ní Sátidé tó bá gbẹ̀yìn kí iléèwé tó wọlé, níwájú gbogbo ẹgbẹ́. Bí mo bá borí, ọmọ mi ò kúrò lọ́dọ̀ mi, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Bí mo bá pàdánù, èmi fúnra mi ni màá ru ẹrù rẹ̀ lọ.

 Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, débi pé ó fi ọwọ́ di ẹnu mú kí eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ má baà fò jáde. "Ìwọ, Ìyàwó? Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo gbà. Kò sẹ́ni tó máa wá sọ pé mo fipá gbọmọ ọlọ́mọ."

Jímọ̀, ọjọ́ kejìlá

Ìyẹ̀fun funfun tí mo fi ń mọ àwòṣe ẹnu àwọn oníbàárà mi ti tún gbówó lórí. Ìlàjì àpò ni mo rà.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàlá

Màmá sọ ọ̀rọ̀ àdéhùn wa fún gbogbo ẹgbẹ́ bí ẹni ń sọ àwàdà. Wọ́n sì rẹ́rìn-ín bí ẹni gbọ́ àwàdà. Ó nà mí nínú ayò, ó tún gbé mi kọ́ ògiri. Bíṣọ́ọ̀bù ni lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé e síbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ṣọ́ ọ.

Nígbà tí a ń lọ, Apòògùn fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá Kékeré, ẹ lọ bẹ Màmá. Ẹ kúnlẹ̀ fún wọn. Ayò yìí ò lè gbà yín." Ire ló ń fẹ́ fún mi. Mo kórìíra rẹ̀ títí mo fi sùn.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Gbogbo ènìyàn ló ní ẹ̀gbẹ́ tó fi ń jẹun. Wọn kì í mọ̀. Bí mo bá gbé eyín wọn sọ́wọ́, mo máa ń rí i: apá kan á ti jẹ, apá kejì á ṣì dá bí tuntun. Bí mo ṣe ń gbẹ́ eyín obìnrin kan lówùúrọ̀ yìí ni mo bi ara mi pé ẹ̀gbẹ́ wo ni Màmá fi ń jẹun.

Mo to gbogbo ayò tí mo rántí sórí tábìlì iṣẹ́. Mo to èyí tí Màmá bá Apòògùn ta, mo to èyí tó bá mi ta. Bó bá ń bá Apòògùn ta, á gbé awò ojú wọ̀. Kò ní pẹ́ tí á fi sún ṣọ́jà kékeré kan níwájú ọba rẹ̀, kí ọba lè rí ibi yọ́ gbà bí ogun bá wọlé láti ẹ̀yìn. Òun ló máa ń pariwo ẹ̀ sí wa létí: "Ẹ ṣí fèrèsé fún ọba kó tó di pé wọ́n ká a mọ́lé."

Bó bá ń bá èmi ta, awò ojú rẹ̀ kì í jáde nínú àpò. Kò tíì ṣí fèrèsé rí. Ohunkóhun tí mo bá sì gbàgbé sílẹ̀, á ti jẹ ẹ́ kí n tó gbọ́wọ́ kúrò.

Màmá kì í bá mi ta ayò. Ó kàn ń ṣa ohun tó bọ́ lọ́wọ́ mi ni.

Ó dáa. Màá bọ́ ọ.

Sátidé, ogúnjọ́

Mo fi ṣọ́jà kan sílẹ̀, mo mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó jẹ ẹ́. Mo pàdánù, àmọ́ ọkàn mi balẹ̀ bí i ti ẹni tó ju ìwọ̀ sódò tó rí i pé okùn ń mì.

Ọlọ́pàá ni wọ́n gbé kọ́ ògiri. Mo rí ọ̀nà náà kí Màmá tó to ayò tán: olorì rẹ̀ àti ọba rẹ̀ wà lórí ìlà kan náà, ẹni tó bá fi ilé ìṣọ́ sí ìdí ìlà yẹn ti jẹ olorì nìyẹn. Mo pa ẹnu mi mọ́. Mo tún ní kí wọ́n ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀kejì.

Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Mo fi bíṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ó ṣòro ju bí mo ṣe rò lọ. Ọ̀nà tó dáa wà níwájú mi kedere, ǹ bá fi í nà án. Mo ní láti gbé ojú kúrò níbẹ̀ kí ọwọ́ mi má baà ṣe tinú ẹ̀.

Mo wà lára ògiri. "Kí ni ẹni yìí rò?" ni Màmá bi wọ́n. Kékeré ò nawọ́. Mo mọ ojú ọmọ mi, ó ti rí i. Ó ń wo ilẹ̀. Màmá pè é dìde: "Ọ̀rẹ́ mi, sọ fún wọn." Ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ń fipá fa ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Lójú ọ̀nà ló bú sẹ́kún. Ó ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ ni?"

Ojoojúmọ́ ló ń lọ sílé Màmá lọ́sàn-án láti kọ́ ayò, ọmọ náà ò sì mọ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́. Ohun tó bá mọ̀, ojú ẹ̀ ni í kọ́kọ́ sọ ọ́. Bí mo bá sọ fún un lónìí, Màmá á gbọ́ lọ́la. Mo ní, "Mò ń gbìyànjú." Ó fi apá nu imú, ó ní òun mọ̀.

Inú mi bàjẹ́ débi pé n kò lè jẹun. Síbẹ̀, ṣé kí n sọ òótọ́? Mo ń rò ó pé ẹkún yẹn máa wúlò. Màmá á rí ojú ọmọ tó wú, á mọ̀ pé kò sí ẹ̀tàn kankan nílé yìí.

Ìṣẹ́gun, ọgbọ̀njọ́

Kékeré ti di olùkọ́ mi. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, ó to pátákó, ó jókòó sí iwájú mi, ó gbé ohùn Màmá sọ́nà ọ̀fun. "Ẹ fi ìka tọ́ gbogbo igun kí ẹ tó gbé e. Igun yìí. Igun yìí. Ta ló lè jẹ yín níbẹ̀?" Mo fi ìka tọ́ gbogbo igun. Mo wá gbé ẹṣin mi síbi tí afọ́jú á ti jẹ ẹ́.

Kò bínú. Ó gbé ẹṣin náà padà fún mi. "Ẹ tún un ṣe. Mi ò ní jẹ ẹ́."

Mo tún un ṣe, mo tún gbé e síbòmíràn tó burú. Bí mo bá ta dáadáa lójú ẹ̀, ayọ̀ lá fi gbé e délé Màmá.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹjọ

Ẹ̀yìnkùlé ni Màmá gbà wọlé, ó fi ìborùn bo ẹnu. Eyín ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti ń ha á lẹ́nu láti ọjọ́ mélòó kan. Ó yọ ọ́ fún mi láì yọ ìborùn. Láìsí eyín yẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í dúró, ó ń yọ̀ ni. "Ṣe é kíá. Wọn ò gbọdọ̀ rí mi báyìí."

Eyín Màmá wà lọ́wọ́ mi. Mo rí ibi tó ti ń ha á. Mo sì mọ ibi tí ǹ bá fọwọ́ kàn, kí ó máa dùn ún díẹ̀díẹ̀ títí di ọjọ́ ayò wa, kó má lè rò ó kọjá ìrora yẹn. Kò ní gbà ju kí n fi ayùn kàn án lẹ́ẹ̀kan. Mo gbé ayùn. Mo gbọ́ tó ń mí lẹ́yìn mi bí arúgbó.

Mo ṣe é bó ṣe yẹ. Kì í ṣe àánú. N kò fẹ́ kó rí nǹkan dì mọ́ lọ́jọ́ náà, kó má sọ pé ẹnu ń dun òun.

Ó gbé e sẹ́nu, ó rún un wò, ojú rẹ̀ sì padà di ti tíṣà. Ó ní, "O mọ iṣẹ́ rẹ. Ì bá ṣe pé o mọ ayò bẹ́ẹ̀." Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ilé mi máa ń dákẹ́ jù lálẹ́, Ìyàwó. O ò mọ bó ṣe ń rí." Mo dá a lóhùn pé mo máa tó mọ̀ bó bá gba ọmọ mi. Kò wẹ̀yìn.

Sátidé, ọjọ́ kẹwàá

Ilé ìṣọ́ ni mo fi sílẹ̀. Ògiri. Ọlọ́pàá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Kékeré ò bá mi lọ; ó ní inú ń run òun.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ọkọ mi dé, ó gbé àpótí aṣọ tuntun kan bọ̀ fún ọmọ, àpótí aláwọ̀ búlúù tó ní táyà lábẹ́. Ó ná an lówó gan-an, ó sì sọ iye rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ṣe mí lóore. Mo bi í pé ta ló ní kó rà á.

"Má jẹ́ kí wọ́n máa fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́," ló wí. "Ọlọ́pàá ń sọ ọ́ káàkiri ibi tí mo ti ń ra epo. Jẹ́ kí ọmọ lọ. Ọ̀dọ̀ ìyá mi náà ni."

"Ìwọ ńkọ́? Ta lo fẹ́ kó borí?"

Ó ní ó rẹ òun. Ó sùn. Àpótí náà wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo wa ló ń fi ẹsẹ̀ kọ ọ́.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Lónìí mo fi olorì sílẹ̀. Mo gbé e sí gbangba, níwájú ilé ìṣọ́ Màmá, kò sí ohunkóhun tó ń ṣọ́ ọ. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tó tóbi tó báyìí á mú un fura.

Kò fura. Kò gbé awò ojú. Ó jẹ ẹ́ bí ẹni ṣa èèrún búrẹ́dì kúrò lára aṣọ. Àwọn tó ń wò wá kẹ́dùn. Nígbà tí a parí, Ọlọ́pàá ní kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri, Màmá sì mi orí. "Ẹ̀kọ́ wo ló wà nínú èyí? Mo máa ń kọ́ àwọn tó lè kọ́ ni."

Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ dí ẹnu, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí mo jáde, Apòògùn rò pé mo ń sunkún. Ó fún mi ní áńkáṣíìfù rẹ̀.

Àìkú, ọjọ́ kìíní, oṣù kẹsàn-án

Mo ti ọjà dé bá Kékeré lórí ilẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ń ká aṣọ rẹ̀ sínú àpótí búlúù náà. Kò sẹ́ni tó rán an. Ó ní, "Kó má baà pẹ́ lọ́jọ́ náà, Mọ́mì. Kí ẹ má baà máa wá nǹkan kiri níwájú wọn."

Ó kù díẹ̀ kí n sọ fún un. Mo ṣí ẹnu. Mo rántí pé ó ń lọ sọ́dọ̀ Màmá lọ́la.

Mo bá a ká ìyókù.

Sátidé, ọjọ́ keje

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe rí kí n tó sùn.

Gbogbo ẹgbẹ́ ló wá, títí kan àwọn tí kì í wá bí òjò bá ṣú. Ọkọ mi dúró sẹ́bàá ilẹ̀kùn. Kékeré jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ó wọ́ ọ wá fúnra rẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Èmi ni mo mú funfun. Màmá gbé àpò awò ojú rẹ̀ lé ẹ̀gbẹ́ pátákó, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Mo ta jẹ́jẹ́. Mo fi ṣọ́jà méjì sílẹ̀ ní apá òsì, níbi tó jìnnà sí ọba rẹ̀ jù lọ, olorì rẹ̀ sì rìn lọ bá wọn, ó jẹ ọ̀kan, ó tún dúró de èkejì. Ó ń bá Ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ òjò. Ọba rẹ̀ wà ní igun, ṣọ́jà mẹ́ta dúró níwájú rẹ̀, kò sí èyí tó tíì kúrò nípò nínú wọn. Kò sí fèrèsé. Ilé ìṣọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo ló kù tó ń ṣọ́ ìlà ẹ̀yìn yẹn. Ilé ìṣọ́ tèmi wà lójú ọ̀nà tó là gbọọrọ, ó ń wo ìlà náà láti òkèèrè.

Mo gbé olorì mi, mo fi í sí iwájú ilé ìṣọ́ rẹ̀. Mo gbọ́wọ́ kúrò.

Kékeré ké "Mọ́mì," ó sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ẹnì kan lẹ́yìn mi pòṣé. Màmá nawọ́ sápá ibi tí àpò awò ojú rẹ̀ wà, mo rò pé ó ti tán. Ìborùn rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló mú. Ó nu ẹnu, ó wo ọmọ mi, ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, dìde, kó ẹrù ẹ." Ó jẹ olorì mi láì wo pátákó ní àwòtúnwò.

Ilé ìṣọ́ rẹ̀ ti fi ìlà ẹ̀yìn sílẹ̀. Mo sún tèmi wọlé dé ìdí. Mo ní, "Ṣẹ́ẹ̀kì, Màmá."

Ó nawọ́ láti gbé ọba sá, kò rí ibi tó lè gbé e sí. Ó nawọ́ sí olorì, olorì jìnnà. Ọwọ́ náà dúró lókè. Nígbà náà ló tó ṣí àpò awò ojú, tó gbé e wọ̀, tó wá wo ayò náà bí ó ṣe ń wo ti Apòògùn. N kò sọ fún un pé ọba ti kú. Mo jẹ́ kó wá a fúnra rẹ̀, igun kan tẹ̀ lé òmíràn, níwájú gbogbo wọn. Ó pẹ́. Ó dùn mọ́ mi jọjọ, n kò ní parọ́ nínú ìwé tèmi.

"Mú ọmọ rẹ máa lọ sílé," ni Màmá wí.

Kékeré sáré wá, ó dì mọ́ mi débi pé bọ́tìnnì aṣọ mi já. Ọkọ mi ló ru àpótí náà padà.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹsàn-án

Iléèwé wọlé. Ilé wa ni Kékeré ti jáde lọ. Ó ń kọrin.

Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá

Ọkọ mi ní kí a má lọ. Mo ní báwo? Ẹni tó bá borí kì í sá.

Màmá ti débẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ó ti to ayò wa sára ògiri. Ó gbé awò ojú wọ̀, ó fi ọ̀pá sílẹ̀, ó lọ dúró síbi ìyà, níbi tí mo ti máa ń dúró gan-an.

"Funfun ló kàn," ló wí. "Arúgbó yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ olorì. Kí lẹ rò pé ó ń rò?"

Ó ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín níbí. Ọlọ́pàá?"

Ọlọ́pàá gbìyànjú, kò jáde. Màmá dúró títí Apòògùn fi fi ohùn kékeré sọ ọ̀nà náà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wá kó gbogbo ayò náà kúrò lára ògiri. Mo rò pé ó parí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to òmíràn. Bíṣọ́ọ̀bù tí mo fi sílẹ̀ lóṣù keje ni. Kò wo ìwé, orí ló fi ń tò ó.

"Àṣìṣe mi ò bẹ̀rẹ̀ ní Sátidé tó kọjá. Ẹ wo èyí. Ọ̀nà tó dáa wà níwájú rẹ̀, ọmọdé á rí i. Ìyàwó, ṣé o rí i?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"O mọ̀ọ́mọ̀ fi bíṣọ́ọ̀bù yìí tọrẹ."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó to ti ilé ìṣọ́. Ó bi mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó to ti olorì. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ti ìgbà tó ń kọ́ wa. Ǹ bá ti sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, àmọ́ mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo fẹ́ kí Ọlọ́pàá mọ̀, kí Apòògùn mọ̀, kí ọkọ mi mọ̀ pé mi ò fi ìgbà kan jẹ́ òmùgọ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Mo ń dáhùn pẹ̀lú ìgbéraga, mo gbé orí sókè. Ó pẹ́ kí n tó rí i pé Màmá ò wo èmi rárá. Kékeré ló ń wò.

"Ọjọ́ tí ọmọ yìí wá bá mi tí ojú ẹ̀ wú, tó ní ìyá òun ò rí ọ̀nà kankan lórí pátákó, tó ní ẹkún lòun sun délé. Ṣé o ti rí ọ̀nà náà nígbà yẹn?"

Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Tó ń ká aṣọ sínú àpótí?"

 Màmá bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Ó ní, "Ayò tó dáa jù tí mo rí nínú ẹgbẹ́ yìí nìyẹn. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi rí i, kó kọ́ ọ. Ọmọ náà tìrẹ ni, Ìyàwó, mo ti fẹnu mi sọ ọ́." Ó jókòó, ó sì ní kí àwọn yòókù to pátákó wọn.

Kékeré ló ṣáájú mi bí a ṣe ń lọ sílé. Nígbà tí a dé ẹnu géètì ló tó yíjú sí mi.

"Ìgbà tí mò ń kọ́ yín ńkọ́? Tí mò ń dá ẹṣin padà fún yín?"

"Ìyẹn náà," ni mo wí. "Nítorí tìẹ ni, ọmọ mi. Kí n má baà pàdánù ẹ."

Ó mi orí bí ẹni tí wọ́n ṣàlàyé ìṣirò fún tó sì yé e. Ó wọlé lọ fọ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlógún

Ó ń kí mi. Ó ń jẹun. Ó ń ṣe iṣẹ́ iléèwé rẹ̀. Mo ní kó wá yan èyí tó bá wù ú nínú búrẹ́dì méjì, ó ní kí n kọ́kọ́ mú tèmi.

Àìkú, ọjọ́ kejìlélógún

Òun fúnra rẹ̀ ló gbé pátákó wá lónìí. Inú mi dùn débi pé mo fi eyín tí mo ń gbẹ́ sílẹ̀ láì bò ó. Ọkọ mi ti lọ sẹ́nu iṣẹ́, òjò ti dá, oòrùn wọlé dé orí tábìlì wa. A ń ta á, mo ń wo irun rẹ̀ tó yẹ kí n tún dì, mo ń wo ọwọ́ rẹ̀. N kò ronú kan ayò.

Mo sún bíṣọ́ọ̀bù mi. Ìgbà tí ọwọ́ mi kúrò lórí rẹ̀ ni mo tó rí i: ṣọ́jà rẹ̀ lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, kò sí ohun tó ń ṣọ́ ọ, kò sí ohunkóhun lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ó rí i. Mo mọ ojú ọmọ mi. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ itan, ó jókòó lé wọn.

"Kí lẹ fi sẹ́yìn ẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan. Mo gbàgbé ni. Jẹ ẹ́."

Ó wò mí. Ó wo gbogbo igun, ó fi ìka tọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún padà wò mí. Mo ní, "Ọmọ mi, lóòótọ́ ni mo gbàgbé."

"Ẹ ṣé, Mọ́mì," ló wí. Ó sún ṣọ́jà kékeré iwájú ọba rẹ̀, ó ṣí fèrèsé, ó sì fi bíṣọ́ọ̀bù mi sílẹ̀ níbi tó wà.